Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Àlàyé Lórí Bí Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Adènà-Àrùn Ṣe Ń Gbé Pọ̀ Nínú Ìfun Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Ara

Ìfáàrà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ rí, tí òun náà ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín. Àbúrò rẹ̀ ni ó yọ kíndìnrín kan fún un. Iṣẹ́ náà yọrí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ara rẹ̀ mókun, ó ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, ó dá oògùn tí wọ́n ní kí ó máa lò dúró, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tí a lọ kí i níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún wa kò tíì kúrò lọ́kàn wa títí di òní: “Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Mo rò pé kíndìnrín náà ti di tèmi ni.” Ó tún fi kún un pé ẹnì kan sọ fún òun pé àwọn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Benin, kì í lo oògùn títí ayé. Ó ní kí ló wá dé tí tòun yóò fi yàtọ̀?

Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n òwe tí a fi kọ́ ọmọ ni ọmọ náà fi ṣe ìpinnu, ìdí nìyí tí a kò fi lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. A padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, a bi wọ́n ní ìbéèrè, a sì ka ohun tí wọ́n ní kí a kà. Ohun tí a bá bọ̀ ni pé òwe náà kò parọ́ pátá, kò sì ṣòótọ́ tán. Ibi tí èyí ti hàn kedere jù lọ nínú ara ènìyàn ni ìfun tí wọ́n gbà lára ẹnì kan tí wọ́n fi sára ẹlòmíràn. Nínú ìfun bẹ́ẹ̀, apá kan ń di ọṣẹ, apá kan kì í di ọṣẹ láéláé. Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ àwọn olùkọ́ tí ẹ pé jọ síhìn-ín, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́ àwọn tí yóò kọ́ àwọn ọmọ.

Ìfun gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí mítà 6. Inú rẹ̀ kò dán bí inú páìpù. Ó ní irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti táwẹ̀lì, kí ojú tí ó fi ń fa oúnjẹ sára lè fẹ̀. Awọ tí ó bo àwọn irun yìí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, sẹ́ẹ̀lì awọ náà á ti gbó, á ti bọ́ sínú ìgbẹ́, òmíràn á sì ti hù rọ́pò rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni àmàlà, ata, omi kànga àti ẹgbàágbèje bakitéríà wà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ibẹ̀ ti léwu tó. Ibi díẹ̀ ló wà nínú ara tí òde àti inú ilé ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì adènà-àrùn fi pọ̀ gan-an nínú ìfun. Àwọn kan jẹ́ agbálẹ̀: wọ́n ń gbé kòkòrò àti pàǹtírí mì. Àwọn kan ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T: àwọn ni wọ́n ń yẹ ojú wò, tí wọ́n ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ará ilé àti ẹni tí kì í ṣe ará ilé, tí wọ́n sì lè pa sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fura sí. Àwọn kan ń pèsè èròjà ajẹsára tí ń ṣàn sínú ìfun láti di kòkòrò lọ́wọ́. Nínú gbogbo wọn, àwọn kan jẹ́ arìnrìn-àjò tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ bá ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Àwọn mìíràn ti fìdí kalẹ̀ sójú kan, wọn kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ, ‘ọmọ ogun ara’ ni wọ́n máa ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Àwa náà ti lò ó rí. A kò lò ó mọ́. Ẹni tí ó bá wá sí ìlú Benin yìí yóò rí ìyókù yàrà ńlá tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú náà ká láyé àtijọ́. Ìlú tó ní yàrà gbọ́dọ̀ ní ẹnubodè, ẹnubodè sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń lu gbogbo ẹni tó ń bọ̀, ọjà ìlú yóò tú. Ó gbọ́dọ̀ mọ alákàrà, kí ó mọ aláṣọ, kí ó mọ ẹni tó wá kí àna rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni inú ìfun. Sùúrù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí: wọ́n ń rí oúnjẹ tí kì í ṣe ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n ń rí bakitéríà tí ń gbé ibẹ̀ láti kékeré, wọn kò sì bá wọn jà. Ẹ̀ṣọ́ ni a ó máa pè wọ́n láti ibí lọ.

Ilà ojú tí sẹ́ẹ̀lì kọ

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ ṣe ń mọ ará ilé? Sẹ́ẹ̀lì ara kọ̀ọ̀kan ní àmì lójú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní HLA. Láyé àtijọ́, bí a bá rí ẹni tó kọ àbàjà, a mọ ibi tí a ó dojú kọ. Bí a bá rí ẹni tó kọ pélé tàbí gọ̀ǹbọ́, a mọ irú ilé tí ó ti wá. Ilà ni HLA jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì. Ìdajì ilà náà wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà, nínú àwọn ọmọ tí bàbá àti ìyá kan náà bí, àǹfààní pé ilà ọmọ kan yóò bá ti èkejì mu délẹ̀délẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ìbejì tí wọ́n jọ ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá nìkan ni ohun gbogbo wọn bára mu. Irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ni Joseph Murray pààrọ̀ kíndìnrín fún ní Boston ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, nígbà tí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ yọrí láyé, tí ara kò sì kọ̀ ọ́.

Ilà kì í parẹ́. Ẹni tó kọ àbàjà tí ó lọ fi ogójì ọdún gbé ní ilé ẹlẹ́pélé, àbàjà náà ni wọn yóò bá lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíndìnrín àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ wa rí. Sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ó bá hù lára kíndìnrín náà, ilà àbúrò ni yóò jáde pẹ̀lú rẹ̀, yálà ó ti pé ọdún 3 tàbí ọdún 20 nínú ara ẹ̀gbọ́n. Oògùn ni ó ń mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa wò ó níran. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò nílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yóò tún ojú là.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Benin ní 2011

Nígbà náà, ẹni tó ní àwọn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún kì í lo oògùn títí ayé, ṣé irọ́ ni ó pa? Rárá o. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú.

Ní ọdún 2011, ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Benin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBTH, ikọ̀ tí Dókítà Nosakhare Bazuaye ṣáájú ṣe iṣẹ́ ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn fún ọmọkùnrin kékeré kan tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí ilà wọn bára mu ni ó fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, a sì rò pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa gbọ́ ọ nínú kíláàsì ju bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni ohun tí wọ́n pààrọ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ìyá gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé. Wọn yóò kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn líle tí yóò ṣí àyè sílẹ̀ nínú mùdùnmúdùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fa sẹ́ẹ̀lì olùfúnni sí i lára bí ẹni fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun ni yóò máa jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun ni yóò sì máa jáde pẹ̀lú rẹ̀. Nínú irú ìpààrọ̀ yìí, ẹ̀ṣọ́ ni àlejò, ara tí wọn yóò máa ṣọ́ ni onílé. Ewu ibẹ̀ wá yí padà: kì í ṣe onílé ni ó lè dojú ìjà kọ àlejò mọ́, àlejò ni ó lè dojú ìjà kọ onílé. Nígbà tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, ibi mẹ́ta ni ó máa ń hàn sí jù: awọ ara, ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Ìfun náà tún nìyẹn.

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun bá wá fara balẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti ka onílé sí ará wọn, dókítà lè máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá a dúró, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ tí yóò máa bá wọn ṣe agídí kò tó nǹkan mọ́. A lè sọ pé ewé ti di ọṣẹ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ìpààrọ̀ kíndìnrín, ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ‘ìpààrọ̀’, ni a fi pe iṣẹ́ méjèèjì ní Yorùbá, ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣi òye mú. Ìfun ni ó wà láàárín méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ìfun

A kò ní pẹ́ lórí èyí. Richard Lillehei ní Minnesota ti dán an wò lára ènìyàn ní 1967, ṣùgbọ́n oògùn ìgbà náà kò lágbára tó láti tu àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú. Ní 1988, ní Kiel ní ilẹ̀ Jámánì, obìnrin kan gba apá kan nínú ìfun arábìnrin rẹ̀, ó sì bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Ní ọdún kan náà, David Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú London tí ó wà ní Ontario, Kánádà, pààrọ̀ ìfun pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Ohun tí ó wá ṣí ọ̀nà ni oògùn kan tí ń jẹ́ tacrolimus. Inú erùpẹ̀ Tsukuba ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí bakitéríà tí ń pèsè rẹ̀, ní 1984.

Ta ni irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ wà fún? Ẹni tí ìfun rẹ̀ kò tó mọ́ ni. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ ibà táífọ́ọ̀dù tí ń lu ìfun ọmọdé. A mọ ìfun tí ó lọ́ mọ́ra tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gé èyí tó ti kú kúrò tí ìyókù kò lè gbé ènìyàn ró, ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ yóò máa gbà wọlé, ìyẹn sì ní ìnáwó àti ewu tirẹ̀. Kíndìnrín ni ìpààrọ̀ tí a mọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa, láti ìgbà tí ilé ìwòsàn St Nicholas ní Èkó ti ṣe àkọ́kọ́ ní 2000. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí kọ́ láti inú ìfun ń fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lára kíndìnrín náà hàn wá.

Ta ni ń ṣọ́ ilé?

Bí wọ́n bá gbé kíndìnrín wá, ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ ni ó máa ń bá a wá. Bí wọ́n bá gbé ìfun wá, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àgbàlá kan odindi wá, pẹ̀lú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, ajá wọn àti àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ wọn lóru. Àwọn ẹ̀ṣọ́ olùfúnni kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ onílé náà sì ń wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Kí ni wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá pàdé?

Ní 1991, àwọn onímọ̀ tí Thomas Starzl wà lára wọn ní Pittsburgh wo inú ìfun tí wọ́n ti pààrọ̀, wọ́n sì rí ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ ti ń di ti onílé, ṣùgbọ́n awọ ìfun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti olùfúnni. Ilé àlejò, ọdẹ onílé. Awọ náà ń bọ́, ó ń hù lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, síbẹ̀ ilà olùfúnni ni ó ń hù jáde nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn tí ó wà ní Oslo, ní ilẹ̀ Norway, rí ọ̀nà láti wò ó fínnífínní sí i. Nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ páńkíríásì fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà níbẹ̀, apá kékeré kan nínú ìfun olùfúnni máa ń bá a wá, wọ́n sì lè máa gé bíńtín níbẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kò ṣe bákan náà. Lára àwọn agbálẹ̀, àwọn kan tètè lọ: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ti onílé ti rọ́pò wọn, àwọn mìíràn wà níbẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ ṣì jẹ́ ti olùfúnni lẹ́yìn ọdún kan gbáko. Ní ti àwọn tí ń pèsè èròjà ajẹsára, iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn kan lára wọn lè lo ẹ̀wádún nínú ìfun ènìyàn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ọjọ́ orí wọn dùn mọ́ wa: bọ́ǹbù átọ́míìkì tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń dán wò ní àwọn ọdún 1950 sí 1963 da irú èédú àrà ọ̀tọ̀ kan sínú afẹ́fẹ́, ó gba ara ewéko dé inú oúnjẹ, ó sì fi àmì ọdún sára sẹ́ẹ̀lì gbogbo wa. Àní ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti yin bọ́ǹbù rí.

Apá tí ó ṣe pàtàkì jù fún wa wá láti Yunifásítì Columbia ní New York, níbi tí Megan Sykes àti ikọ̀ rẹ̀ ti ń tọpa àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ìfun fún. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2016, wọ́n fi hàn pé ìjà náà máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì T onílé ń wọlé, àwọn kan lára wọn ń wá ilà olùfúnni láti pa. Sẹ́ẹ̀lì T olùfúnni pẹ̀lú kò káwọ́ gbera: àwọn kan lára wọn rí ilà onílé, wọ́n sì ń gbógun ti àwọn ẹ̀ṣọ́ onílé tí ń wọlé. Nínú àwọn aláìsàn tí ara wọn kọ ìfun náà, ẹ̀ṣọ́ onílé ni ó yára gba gbogbo ilé. Nínú àwọn tí ara wọn kò kọ̀ ọ́, ẹ̀ṣọ́ olùfúnni pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ó yí èrò wa po. Àwa rò pé bí onílé bá ti ń fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ rọ́pò ti àlejò, àlejò ń di ará ilé nìyẹn. Òwe ewé àti ọṣẹ ni a fi ń wò ó. Àmọ́ nígbà tí ìrọ́pò bá yára jù, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìjà ló mú un yára. Ibi tí àlàáfíà wà ni ibi tí àlejò ti ní agbára díẹ̀ tirẹ̀ láti fi dá onílé dúró. Agbára náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí pé bí ẹ̀ṣọ́ àlejò bá jáde kúrò nínú ìfun tí wọ́n lọ ń bá awọ ara àti mùdùnmúdùn onílé jà láìsí ìdádúró, wọ́n lè pa aláìsàn náà.

Ikọ̀ kan náà tún rí i pé ìfun olùfúnni ń gbé ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wá pẹ̀lú, bíi ti inú mùdùnmúdùn. Nínú àwọn aláìsàn kan, sẹ́ẹ̀lì T olùfúnni dé inú mùdùnmúdùn onílé, wọ́n ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, láìjẹ́ pé àìsàn ìjà àlejò bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjì wá ń jáde lára ènìyàn kan. Ohun tí dókítà ń fi oògùn líle ṣe fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún, ìfun ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi lo èyí kí oògùn lè dín kù lọ́jọ́ iwájú. Lónìí, oògùn ṣì wà fún gbogbo ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ìfun fún.

Oògùn náà

Tacrolimus kì í pa ẹ̀ṣọ́. Ó ń dí i létí ni, kí ó má baà gbọ́ ìpè ogun. Bí ó bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yóò gbọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, olè gidi lè wọlé kí ẹ̀ṣọ́ má mọ̀, kíndìnrín náà sì lè bà jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo. Oúnjẹ kan wà, egbòigi kan sì wà, tí wọ́n lè sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di kékeré. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kò gbọdọ̀ kàn mu àgbo láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àgbo. Ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bí àwa gan-an.

Ní ti kíndìnrín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tètè sọ pé nǹkan ń bàjẹ́. Ìfun kò ní irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣeé gbọ́kàn lé bẹ́ẹ̀. Wọn yóò dá ojú ihò kan sí ikùn, wọn yóò máa gba ibẹ̀ fi ẹ̀rọ wo inú, wọn yóò máa gé bíńtín lọ́pọ̀ ìgbà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ gbuuru lè jẹ́ àmì pé ara ń kọ̀ ọ́. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò lásán. Ìtọ́jú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì pátápátá, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ara ń kọ̀ ọ́, oògùn ni wọn yóò fi kún. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò, wọ́n lè ní láti dín in kù.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò nínú kíláàsì

Láti 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, ni a ti mọ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ti inú ara ènìyàn ṣì kù sí wa lọ́wọ́. Àkíyèsí wa ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ́n wa, òwe ni a máa ń sáré mú, òwe sì máa ń gbé ìpinnu wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé ‘ara rẹ ti gbà á’ yóò rò pé ẹjọ́ ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni mọ̀ pé ‘ti gbà’ nínú èdè wa jẹ́ iṣẹ́ tó ti tán. Nínú kíláàsì wa báyìí, ‘ara rẹ̀ ń gbà á mọ́ra’ ni a ń sọ: ó ń gbà á mọ́ra lónìí, yóò tún gbà á mọ́ra lọ́la bí oògùn bá wà níbẹ̀. A tún ti ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Fún kíndìnrín, ọkàn àti ẹ̀dọ̀, a ń sọ pé ‘ìpààrọ̀ ẹ̀yà’. Fún mùdùnmúdùn, ‘ìpààrọ̀ ẹ̀ṣọ́’.

Ìfun ni ó wá kọ̀ tí kò bọ́ sínú ọ̀kankan. Ní sáà tó kọjá, a kọ ìbéèrè sára pátákó: kí ni a ó pe ipò tí ẹ̀ṣọ́ ènìyàn méjì jọ wà nínú ara kan, tí wọn kò pa ara wọn, tí wọn kò sì di ọ̀kan? Ẹnì kan ní ‘àjọgbé’. A fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù jù, kò sí ìṣọ́ra nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn wá dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí ilé olórogún nìyẹn?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀ òun. Ó ní inú ilé olórogún ni wọ́n bí òun, ìyàwó mẹ́ta, inú àgbàlá kan, wọn kò jà lójú òun rí, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó ń sùn tí kì í la ojú kan sílẹ̀. Àti pé bàbá wọn gan-an ni oògùn, nítorí pé ọjọ́ tí ó rìnrìn àjò ni wọ́n máa ń mọ̀.

‘Orogún’ ni ó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, tí ó ń ṣe ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ ọ́ fún un, ó ní ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún òun bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ni ní Ẹdó, Ìgbò àti Haúsá, bí ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pè é nínú kíláàsì tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ kí ìpàdé yìí tó túká.